Ọkọ̀ Òfuurufú Ọmọ Àbúrò Mi àti Ẹja Tí Ó Kú ní Lálùpọn

Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé yóò jókòó ti ọmọdé tí ń ṣeré lórí kọ̀ǹpútà, tí n óò sì máa bi í ní ìbéèrè bí ọmọ ilé ìwé, n óò ní onítọ̀hún fẹ́ fi mí ṣe ẹ̀sín ni. Ọ̀ràn ẹja ni ó gbé mi dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ti ẹja náà.

Ọdún 2015 ni mo fẹ̀yìn tì. Mo mọ ìkùdù onísìmẹ́ńtì sí ẹ̀yìn ilé mi ní Lálùpọn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, kò jìnnà sí ojú irin àtijọ́ tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìyàwó mi yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníṣòwò tí ó wà, ó kó o lé mi lọ́wọ́, ó ní kí a fi ra ọmọ ẹja àrọ̀, pé bí ó bá fi máa di Ọdún Àjíǹde wọn yóò ti tó tà. Ẹgbẹ̀ta ni mo rà.

Oníṣẹ́ iná kan ni ó bá mi ṣe é kí ẹ̀rọ omi máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ó so bọ́ọ̀lù onírọ́bà kan sínú ìkùdù. Bí omi bá lọ sílẹ̀, bọ́ọ̀lù yóò bá a lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi láti inú kànga. Bí omi bá kún, bọ́ọ̀lù yóò gòkè, ẹ̀rọ yóò dákẹ́. Ó kó gbogbo wáyà rẹ̀ sínú àpótí kan, ó fi síkírúù dè é pinpin, ó nu ọwọ́, ó ní, “Bàbá Tíṣà, ẹ lọ sùn. Ẹ kò ní iṣẹ́ kankan ṣe mọ́.” Inú mi dùn. Mo sùn lóòótọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a ta ẹja, ìdérí páìpù tí a fi ń da omi ìdọ̀tí nù yọ̀ ní òru. Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ tí mo dé ẹ̀yìn ilé, omi kò ju kókósẹ̀ lọ mọ́. Àwọn ẹja gun ara wọn lórí bí èrò ọjà. Mo dí ojú páìpù, mo wo ẹ̀rọ omi: kò dún. Mo wo ilé: iná wà. Mo wo kànga: omi wà. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́, iná kò lọ, kànga kò gbẹ, èmi tí mo fi owó rà á dúró tì í, n kò sì rí ibi kankan tí mo lè gbà wí fún un pé, “Fa omi.” Kò sí ibi títẹ̀, kò sí ibi yíyí. Àpótí nìkan ni ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú síkírúù rẹ̀.

Mo pe oníṣẹ́ náà lórí fóònù, fóònù rẹ̀ kú. Aládùúgbò kan ní kí n já wáyà kí n so ó pọ̀ ní tààrà. Ẹ̀rù bà mí, nítorí n kò fẹ́ kí wọ́n wá gbé òkú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ẹja. Korobá ni a fi ń pọn omi, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ àdúgbò. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja àrọ̀ mọ̀ pé ó lágbára, ó lè yọ ẹnu sókè kí ó mí afẹ́fẹ́, omi díẹ̀ kì í pa á ní kíá. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀ta ẹja nínú omi kókósẹ̀, nínú oòrùn oṣù kẹta, tí wọ́n ń fi ẹ̀gún ìyẹ́ ara wọn ya ara wọn, tí omi náà sì ti di ìdọ̀tí wọn, èyí ju agbára àrọ̀ lọ. Kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, irinwó ó lé ti kú. A gbẹ́ ilẹ̀ sin wọ́n ni.

Ìyàwó mi kò pariwo. Ìbá sàn kí ó pariwo. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó ní, “Bàbá wọn, ẹ̀rọ tí kò gbọ́ ohùn yín, ta ni ẹ rà á fún?”

Ọjọ́ kejì ni oníṣẹ́ iná yọjú. Ó wo inú ìkùdù, ó mú igi kan, ó fi ti bọ́ọ̀lù náà tí ewédò ti lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Bọ́ọ̀lù já bọ́, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún wùùù. Igi lásán! Mo padà wọ inú ilé láìkí i.

Nígbà tí ọmọ àbúrò mi obìnrin wá lo ìsinmi Ọdún Àjíǹde lọ́dọ̀ wa, ọ̀ràn yìí ṣì wà ní ọkàn mi bí ẹ̀gún. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, Bàbá Lálùpọn ni ó ń pè mí. Ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wá, eré kan ni ó sì ń ṣe lórí rẹ̀ láti àárọ̀ títí bátìrì yóò fi kú. Mo fẹ́ bá a wí. Mo kọ́kọ́ dúró sẹ́yìn rẹ̀ kí n mọ ohun tí n óò bá a wí lé lórí, bí mo ṣe jókòó nìyẹn.

StarMade ni orúkọ eré náà, àwọn ará Jámánì ni wọ́n ṣe é. Ẹni tí ń ṣe é yóò máa to búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù bí ẹni ń kọ́lé, títí yóò fi di ọkọ̀ ńlá tí ń rìn láàárín ìràwọ̀. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni àwọn búlọ́ọ̀kù kan báyìí tí ọmọ náà ń fi okùn àìrí so mọ́ ara wọn. Búlọ́ọ̀kù onílàákàyè ni mo sọ wọ́n. Ọ̀kan kì í dáhùn àyàfi bí méjì tí a so mọ́ ọn bá jọ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí báńkì kì í ti í sanwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àyàfi bí alága àti akápò bá jọ fọwọ́ sí ìwé. Òmíràn ń dáhùn bí èyíkéyìí nínú méjèèjì bá ti sọ̀rọ̀, bí ọmọ tí ó ní bí bàbá bá gbà tàbí bí ìyá bá gbà, òun yóò lọ sí òde. Ìkẹta jẹ́ alátakò: bí o bá wí pé bẹ́ẹ̀ ni, yóò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo rò pé òmùgọ̀ ni ìyẹn, àfi ìgbà tí mo rántí àtùpà tí a ń kó iná sí, tí ó jẹ́ pé ìgbà tí iná NEPA bá lọ gan-an ni tirẹ̀ ń tàn. Ọ̀kan tún wà tí ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó jíṣẹ́. Ọ̀kan sì ń rántí: tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣí, tún un tẹ̀, ó tì.

Ọmọ náà ní gbogbo kọ̀ǹpútà ayé, irú ìrònú yìí ni ó wà nínú wọn. Mo wádìí rẹ̀ lẹ́yìn náà, òótọ́ ni. George Boole, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun náà ti ṣe tíṣà bíi tèmi rí, ni ó kọ ìwé ní ọdún 1854 láti fi hàn pé a lè fi ìṣirò ṣe ìrònú bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́. Ní ọdún 1937, ọmọkùnrin Amẹ́ríkà kan tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ, Claude Shannon, fi hàn pé súwíìsì iná lásán lè ṣe gbogbo ìṣirò Boole náà. Kí àwa náà má sì fi ojú àlejò wò ó pátápátá: ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo ní èso mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣí tàbí kí ó dé, bí ẹ bá sì fi méjì sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ dé ẹ̀ẹ̀mẹjọ, 256 ni yóò jẹ́, iye odù Ifá gẹ́lẹ́. N kò wí pé Ifá ni kọ̀ǹpútà o. Ìṣirò wọn ni mo ní ó dọ́gba.

Ní ọjọ́ kẹta ni ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà ti fi búlọ́ọ̀kù onílàákàyè ṣe ilẹ̀kùn ńlá kan sí ìdí ọkọ̀ rẹ̀, tí ń ṣí tí ń tì fúnra rẹ̀ kí àwọn ọkọ̀ kékeré lè máa wọlé jáde. Ó dùn ún wò. Lójijì ni àwọn ọlọ́ṣà ojú ọ̀run dé (irú wọn wà nínú eré náà), wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn. Ọmọ náà wà lórí ìjókòó awakọ̀, ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn pa, ilẹ̀kùn kò gbọ́. Ó ń ṣí, ó ń tì, ó ń ṣí, ó ń tì, gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ́ ọ. Ibi kan ṣoṣo tí a ti lè dá a dúró jẹ́ bọ́tìnì kan tí ó fi sí ara ògiri ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ó fi ìjókòó awakọ̀ sílẹ̀, ó ń sáré gba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ tẹ bọ́tìnì, kí ó tó dé ibẹ̀, ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ ti di àfọ́kù.

“Áà!” ni ọmọ náà ké.

Èmi náà ké. Mo ní, “Ohun tí ó pa ẹja mi gan-an nìyẹn!”

Ó yíjú wò mí bí ẹni pé ọpọlọ mi dàrú. Mo bá ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí bọ́ọ̀lù dé orí igi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Bàbá Lálùpọn, ẹ̀rọ yín kò ní ìjókòó awakọ̀.”

Kí a tó sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà ó ti tún ọkọ̀ rẹ̀ tò. Búlọ́ọ̀kù kan wà nínú eré náà tí a lè fún ní orúkọ, tí yóò sì gbé àṣẹ wá sí iwájú awakọ̀, tí awakọ̀ yóò fi lè pàṣẹ fún ohunkóhun nínú ọkọ̀ láìdìde. Ó fi í sí ilẹ̀kùn. Mo bi í pé, báwo ni ìwọ tí o wà ní iwájú yóò ṣe mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn tì tàbí kò tì? Ó wò mí, ó tún fi iná kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tí awakọ̀ ń wò, tí ń tàn bí ilẹ̀kùn bá ṣí. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Ìjà ojú àti ọwọ́ yìí kì í ṣe ti ọmọdé nìkan. Nígbà tí Amẹ́ríkà ń ṣe ọkọ̀ Mercury, ọkọ̀ òfuurufú wọn àkọ́kọ́ tí yóò gbé ènìyàn, ohun tí àwọn ẹnjiníà ní lọ́kàn ni ọkọ̀ tí yóò ṣe ohun gbogbo fúnra rẹ̀. Kódà ní oṣù kìíní ọdún 1961, ìnàkí kan tí wọ́n mú láti Kamẹrúùnù, Ham ni orúkọ rẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ fi í gbé lọ, ó sì bọ̀ láàyè. Àwọn ọkùnrin méje tí wọ́n yàn láti wà á kọ̀. Wọ́n ní àfi kí ó ní fèrèsé tí àwọn yóò máa fi wòde, àfi kí ó ní ibi tí ọwọ́ àwọn yóò ti lè darí rẹ̀. Wọ́n jà títí wọ́n fi gbà fún wọn.

Ní ogúnjọ́ oṣù kejì ọdún 1962, John Glenn fi irú ọkọ̀ yìí yí ayé ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ibùdó méjìdínlógún ni wọ́n tò sí ayé láti máa gbọ́ ohùn ọkọ̀ náà, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní Kánò, ní ilẹ̀ wa níbí. Nígbà tí yíyí àkọ́kọ́ ń parí lọ, ẹ̀rọ tí ń mú ọkọ̀ dúró déédéé fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Glenn gba ìdarí sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1963, ti Gordon Cooper tún burú jù bẹ́ẹ̀: ẹ̀rọ ìdarí náà kú pátápátá kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo ìta láti ojú fèrèsé, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọkọ̀ délé. Fèrèsé tí àwọn ẹnjiníà kò fẹ́ fún wọn níjọ́ kìíní ni o.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo wà ní oṣù keje ọdún 1969 tí a gbọ́ lórí rédíò pé ènìyàn ti dé inú òṣùpá. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé Neil Armstrong rí i pé kọ̀ǹpútà ń gbé wọn lọ sí ibi tí òkúta kún, ó sì gba ọkọ̀ sí ọwọ́, ó fò kọjá rẹ̀ lọ sí ibi tí ó tẹ́jú. Síbẹ̀, ẹ wo ibi tí ọgbọ́n wà: kò pa kọ̀ǹpútà náà. Ọwọ́ rẹ̀ ń wí ibi tí ó fẹ́ lọ, kọ̀ǹpútà sì ń bá a ṣe ìyókù, nítorí ọkọ̀ náà kò ṣeé fi ọwọ́ nìkan mú dúró. Èyí ni mo ń rò nígbà tí mo wí fún ọmọ náà pé kí a jọ ṣe ìjókòó awakọ̀ fún ẹ̀rọ omi mi.

Inú eré náà ni ó ti kọ́kọ́ ṣe é. Ó fi búlọ́ọ̀kù onílàákàyè to ìkùdù, kànga àti ẹ̀rọ. Ó ní kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ bí bọ́ọ̀lù bá wí tàbí bí ọwọ́ mi bá wí. Mo ní, bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tí mo gbàgbé ńkọ́? Ẹ̀rọ tí ń fa kànga gbígbẹ yóò jóná. Ó bá fi bọ́ọ̀lù kejì sínú kànga: bọ́ọ̀lù ìkùdù tàbí ọwọ́, àti pé kànga kò gbọdọ̀ gbẹ. Bí kànga bá gbẹ, ọwọ́ mi pàápàá kò ní àṣẹ. Mo gbà. Olówó ni mí, ṣùgbọ́n n kì í ṣe olóhun kànga. Lẹ́yìn náà ó fi iná pupa sí i, tí yóò tàn bí bọ́ọ̀lù ìkùdù bá sọ pé omi ti kéré jù.

Ìyàwó mi tí ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí a kò mọ̀ pé ó ń gbọ́, gbé ojú sókè. Ó ní, “Bọ́ọ̀lù tí ó purọ́ fún yín lọ́jọ́sí, òun ni ẹ tún fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí?”

Ẹnu wa wọhò. Bí bọ́ọ̀lù náà bá tún lẹ̀ mọ́ ògiri, iná pupa náà kò ní tàn. Ọmọ náà fi bọ́ọ̀lù kẹta sí i, ní ìsàlẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó tan iná pupa lọ. Ìyàwó mi tún ní kí wọ́n má gbé iná náà sí ẹ̀bá ìkùdù, pé ta ni yóò wà níbẹ̀ ní òru? Kí wọ́n gbé e wá sí inú yàrá.

Ọmọ náà ya gbogbo rẹ̀ sí orí ìwé, a gbé e lọ bá oníṣẹ́ iná mìíràn ní Ìyànà-Ọ̀fà, àgbàlagbà tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín, ó tún un wò, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fi ìka lé búlọ́ọ̀kù tí ń rántí, èyí tí ọmọ náà fẹ́ kí ọwọ́ mi máa fi pàṣẹ. Ó ní, “Ọ̀gá kékeré, bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, tí ó sì padà dé ní aago méjì òru, kí ni eléyìí yóò rántí?”

Ọmọ náà dákẹ́ pẹ́. Ó ní, “Nínú ọkọ̀ mi, iná kì í lọ bẹ́ẹ̀, sà.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Ó ní ní Lágelú, ìrántí tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé iná, ìgbàgbé ni. Ó mú súwíìsì kan jáde tí ó ní ọwọ́ gígùn tí a ń yí, tí ó ní ibùdúró mẹ́ta. Bí a bá yí i sí ọ̀tún, kí ẹ̀rọ máa ronú fúnra rẹ̀. Bí ó bá wà ní àárín, ó kú. Bí a bá yí i sí òsì, ọwọ́ ni ó pàṣẹ. Ó ní irú rẹ̀ ni wọ́n ń lò sí ara ẹ̀rọ omi ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, pé iná ìbáà lọ nígbà ọgọ́rùn-ún, ibi tí a yí i sí ni yóò wà, ẹni tí ó bá sì wò ó láti òkèèrè yóò mọ ipò tí ó wà. Ó so aago kékeré kan mọ́ ti òsì, kí àṣẹ ọwọ́ má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ láìjẹ́ pé a tún un pa. Ọmọ náà jókòó tì í láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó ń mú síkírúù fún un. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Owó gbogbo rẹ̀ kò tó iye tí a ìbá ta ọgbọ̀n ẹja nínú àwọn tí a sin.

Gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà, owó ìfẹ̀yìntì mi ni a fi ń san án díẹ̀díẹ̀. Ní ìparí ọdún náà a tún ra ẹja, igba péré. Ìyàwó mi kò fi owó rẹ̀ sí i, n kò sì bẹ̀ ẹ́.

Ní òru ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, mo jí, mo rí i pé ibùsùn ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Iná pupa ń tàn lára ògiri. Mo fẹ́ fò dìde, mo sì gbọ́ tí ẹ̀rọ omi bẹ̀rẹ̀ sí í dún wùùù ní ẹ̀yìn ilé. Ó ṣe díẹ̀, iná pupa kú. Ìyàwó mi wọlé, ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, “Bọ́ọ̀lù yín tún ti lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo ti yí i sí òsì,” ó sì fa aṣọ bora.